Àpá Ni Mo Ń Kà, Ọ̀nà Ló Ń Dí

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ fi àmì hàn. Ọdún 2013 ni, mo jẹ́ ẹni ọdún 42, iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ni mo ń ṣe. Tí mo bá ti rìn fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, iwájú bàtà ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í fá ilẹ̀. Mo pààrọ̀ bàtà, pàbó ló já sí. Mo tún pààrọ̀ òmíràn, bákan náà ni. Ọjọ́ tí mo gbé bàtà méjèèjì kalẹ̀ síwájú ara mi ni mo rí i pé ti ọ̀tún ti jẹ tán níwájú, ti òsì ṣì dà bí ìgbà tí mo rà á. Kò dùn mí, kò wú, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo lè nàka sí pé òun ló bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí mo fi pẹ́ kí n tó lọ rí dókítà nìyẹn. Àìsàn tó bá fi ariwo wọlé lèèyàn máa ń tètè kà sí.

Ọdún méjì la fi yẹ orúnkún àti egungun ẹ̀yìn wò. Ìgbà tó di 2015 ni wọ́n gbé mi sínú ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n ya ọpọlọ àti ògóóró ẹ̀yìn mi, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀ láti ẹ̀yìn mi. Dókítà sọ orúkọ rẹ̀ fún mi: multiple sclerosis, àìsàn ọpọlọ àti ògóóró ẹ̀yìn tí gbogbo ayé ń pè ní MS. Ó ní oríṣi tèmi ni primary progressive. Nǹkan bí 85 nínú 100 ẹni tó ní MS ló jẹ́ pé àìsàn náà máa ń kọ lù wọ́n, á rọlẹ̀, á tún padà wá. Àwa tó kù, nǹkan bí 10 sí 15 nínú 100, kì í rí ìkọlù kankan. Tiwa kàn ń rọra lọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn kan tí tiwọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkọlù náà máa ń bọ́ sójú ọ̀nà yìí tó bá yá, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní secondary progressive.

Mo bi í pé kí ni sclerosis túmọ̀ sí. Ó ní ohun tó le gan-in, bí àpá. Jean-Martin Charcot, dókítà ará Faransé kan, ló ṣàlàyé àìsàn náà yékéyéké lọ́dún 1868, ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní Paris. Ọpọlọ àwọn tó ti kú ló ń là wò, níbẹ̀ ló ti ń rí àwọn ojú ibi tó le káàkiri. Ẹ̀rọ ti gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Wọ́n gbé àwòrán ọpọlọ tèmi síwájú mi nígbà tí mo ṣì wà láàyè, mo sì ka àpá funfun 9 nínú ọpọlọ, 2 nínú ògóóró ẹ̀yìn.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Tí ẹ bá fún mi ní ohun tó ṣeé kà, màá kà á. Mo ra ìwé kékeré kan, mo kọ 9 àti 2 sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo sì kọ ọjọ́ oṣù sí i. Mo gbà pé nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni àìsàn mi.

*

Ká tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àpá yẹn jẹ́. Iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú ọpọlọ ní ọ̀rá kan tó wé e, bí rọ́bà ṣe ń wé wáyà iná. Myelin lorúkọ ọ̀rá náà. Èyí tó nípọn jù nínú àwọn iṣan tí myelin wé lè gbé iṣẹ́ rìn tó nǹkan bí 100 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn iṣan tín-ín-rín tí kò ní in kì í sábà ju mítà 1 tàbí 2 lọ. Nínú MS, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa dáàbò bo ara ló ń kọjú ìjà sí myelin yìí. Níbi tó bá ti bó, iṣẹ́ tí iṣan ń gbé á falẹ̀, ó lè dúró sójú ọ̀nà, tó bá sì pẹ́, iṣan náà fúnra rẹ̀ á kú.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló fà á, kí ni mo jẹ, kí ni mo ṣe. Ọdún púpọ̀ ni ìbéèrè yẹn fi ń gún mi lọ́kàn. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn sójà ilẹ̀ wọn tí iye wọn ju 10 mílíọ̀nù lọ. Wọ́n rí i pé ewu MS di ìlọ́po 32 lẹ́yìn tí kòkòrò àìrí tó ń jẹ́ Epstein-Barr bá ti wọ ara èèyàn. Kòkòrò yìí kan náà sì wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà láyé láìsí pé MS mú wọn, nítorí náà ó ku ohun mìíràn tó ń dá kún un. Ṣùgbọ́n mo jókòó lọ́jọ́ tí mo kà á, mo mí kanlẹ̀. N kò jẹ ohunkóhun. N kò ṣe ohunkóhun.

*

Mo padà sínú ẹ̀rọ lọ́dún 2016. Àpá 9. Ní 2017, àpá 9. Ní 2018, 9 náà ni. Iye àpá ò yẹ̀, ẹsẹ̀ ló ń yẹ̀.

Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn dókítà wa fi ń díwọ̀n bí àìsàn ṣe ba ara jẹ́ tó, pàápàá ìrìn, EDSS lorúkọ rẹ̀. Dókítà kan, John Kurtzke, ló gbé èyí tí a ń lò báyìí jáde lọ́dún 1983. Láti 0 dé 10 ni. Ẹni tó wà ní 4 lè rin 500 mítà láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Ẹni tó dé 6 nílò ọ̀pá kan kó tó lè rin 100 mítà. Lọ́dún 2015, mo wà ní 4. Ní 2018, mo ti wà ní 6, ọ̀pá ti di ẹsẹ̀ kẹta mi. Nínú ìwé kékeré mi, ìlà kan dúró gbọnrangandan, ìlà kejì ń gòkè. Mo wò ó títí, n kò rí ohun tó so wọ́n pọ̀.

Dókítà kan tí a jọ pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wo àwòrán ọdún yẹn, ó ní, "Inú mi dùn, kò sí ìyípadà kankan. Ó dúró sójú kan." Mo ń di ọ̀pá mú lọ́wọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde, mo sì jókòó sínú ọkọ̀ mo sunkún. Tí àìsàn ò bá kúrò lójú kan, a jẹ́ pé èmi ni mo ń yọ̀lẹ. Ìtumọ̀ tí mo fún un nìyẹn. Lóòótọ́, ẹnìkan nínú ẹbí náà ti sọ ọ́ kò mí lójú pé, "Àwòrán ò yí padà, kí ló wá dé tó o fi ń wọ́ ẹsẹ̀?" N kò ní èsì.

Ohun kejì wà tó tún ń bà mí lẹ́rù ju ẹsẹ̀ lọ, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí ọmọ méjì nínú kíláàsì bá bi mí ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan náà, orí mi á dúró. Mo mọ ìdáhùn àwọn méjèèjì. Mo ti ń kọ́ni ní nǹkan wọ̀nyẹn fún ogún ọdún. Àmọ́ ṣe ni ìdáhùn á pẹ́ kó tó dé, bí ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, nígbà tó bá sì fi máa dé, ọmọ ti wo ojú mi, ó ti rí i pé nǹkan ń ṣe mí. EDSS ò bi mí nípa èyí. Bí èèyàn ṣe ń rìn ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wò.

*

Lọ́dún 2019, wọ́n ní àwọn olùwádìí kan ń wá ẹni tó ní MS tó ń burú sí i, wọ́n fẹ́ ya ọpọlọ wọn lọ́nà mìíràn. Mo fi orúkọ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbà mí. Kó tó ṣàlàyé ohunkóhun, ó bi mí pé, "Màámi, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?" Mo ní ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa bébà kan jáde, ó tẹ àmì tótó mélòó kan sórí rẹ̀, ó sì fa ìlà láti ọ̀kan sí ìkejì.

Mo dá àwòrán náà mọ̀ kó tó gbé bírò kúrò. Lọ́dún 1736, Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, jókòó ti ọ̀rọ̀ àwọn afárá 7 tó wà nígbà náà nílùú Königsberg ní Yúróòpù: ṣé èèyàn lè gba gbogbo wọn kọjá láì gba ọ̀kankan lẹ́ẹ̀mejì? Ó fi hàn pé kò ṣeé ṣe. Kò nílò láti mọ bí afárá ṣe gùn tó tàbí bí odò ṣe jìn tó. Ohun tó so mọ́ ohun nìkan ló wò. Mo ti fi afárá wọ̀nyẹn kọ́ àwọn ọmọ tí n kò lè kà tán. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé èmi náà gbé wọn sínú orí.

Ọmọkùnrin náà ní ohun tí àwọn ń ṣe gan-an nìyẹn. Àmì tótó kọ̀ọ̀kan jẹ́ àgbègbè kan nínú ọpọlọ. Ìlà ni ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀. Àwòrán méjì ni wọ́n máa yà. Èkíní á tọpasẹ̀ bí omi ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fọ́nrán iṣan, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọ̀nà gbà àti ibi tó ti ya. Èkejì ni wọ́n á yà nígbà tí mo bá kàn sùn sílẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ rí lára ẹni tó sùn sílẹ̀ lásán. Ó ní ọpọlọ kì í sinmi. Lọ́dún 1995, Bharat Biswal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kíyè sí i pé iṣẹ́ inú ibi tó ń darí ọwọ́ òsì àti inú ibi tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún jọ ń lọ sókè sódò pa pọ̀, bí ẹni méjì tó ń jó sí ìlù kan, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ méjèèjì ò mira. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wo àwọn àgbègbè tó jọ ń jó àti àwọn tí ijó wọn ti yà.

Ni mo bá mú ìwé kékeré mi jáde. Mo fi ìlà méjèèjì hàn án, mo ní, "Àpá 9 látọdún mẹ́rin. Kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ mi?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Ó ní àwọn dókítà pàápàá ti mọ̀ tipẹ́ pé iye àpá àti bí ara aláìsàn ṣe rí kì í sábà bára mu, débi pé wọ́n ti fún un lórúkọ. Ó wá tọ́ka sí àmì tótó kan láàárín bébà, èyí tí ìlà pọ̀ sí jù. "Oríta nìyí," ló wí. Ó ní irú oríta bẹ́ẹ̀ ni thalamus, tó wà ní àárín gbùngbùn ọpọlọ, tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ohun tí ara ń mọ̀ lára ń gba ibẹ̀ kọjá àyàfi òórùn. Nínú MS, thalamus máa ń tètè sún kì. Àpá kan ṣoṣo lójú ọ̀nà tó wọ oríta lè ṣe ju àpá mẹ́wàá tó wà ní ẹ̀bá lọ. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń bàjẹ́ ni kì í yọ lójú àwòrán tí wọ́n sábà máa ń yà fún wa: àwọn ibi tó dà bí ẹni pé ara wọn dá ti ń fọ́ lábẹ́lẹ̀, ọpọlọ fúnra rẹ̀ sì ń fọn díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún ju bó ṣe ń fọn lára ẹni tí kò ní àìsàn náà.

Mo ní kó tún èyí tó kàn sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní nígbà tí ọ̀nà díẹ̀ bá kọ́kọ́ bàjẹ́, iṣẹ́ á yà gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n tilẹ̀ máa ń rí i nígbà mìíràn pé àwọn àgbègbè kan so kọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní àsìkò yẹn, ẹni náà ṣì lè máa ṣe gbogbo nǹkan. Àmọ́ ẹrù tó yà yẹn, orí àwọn oríta ló ń já lé. Bí ọ̀nà ṣe ń dí sí i, oríta ń kún sí i, títí dé ibi tí kò ti sí ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́. Níbẹ̀ ni nǹkan ti máa ń ṣubú lójijì, àpá tuntun ò sì ní láti yọ kó tó ṣẹlẹ̀. Menno Schoonheim àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amsterdam kọ ọ́ jáde lọ́dún 2015, wọ́n pè é ní ìdàwólulẹ̀ ìsokọ́ra. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí apá kan rẹ̀: ṣé sísokọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yẹn jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni, àbí òun gan-an ni àmì pé nǹkan ti ń bàjẹ́?

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ tèmi fún mi, kó sọ iye ọ̀nà tó kù. Ó kọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ èèyàn kan ni àwọn ń fi wé ẹgbẹ́ kejì, àwòrán náà ò tíì tó ohun tí wọ́n lè fi sọ ọ̀la ẹnì kan ṣoṣo, òun ò sì ní purọ́ fún mi. Ó dùn mí lọ́jọ́ yẹn. Lónìí, mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀.

*

Nígbà tí mo délé, mo ya àmì tótó àti ìlà yẹn fún ọkọ mi. A ní ọ̀rọ̀ kan tí a ò tíì yanjú. Ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, mo ń gun àtẹ̀gùn nínú ilé, mo di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó sì pè mí láti ìsàlẹ̀: "Ìyá Ìbejì, ṣé o ti san owó iná?" Mo fẹ́ dá a lóhùn. Ẹsẹ̀ mi dúró láàárín àtẹ̀gùn méjì, mo ṣubú, ọwọ́ mi dá. Láti ìgbà náà, tí mo bá ń rìn tó sì bá mi sọ̀rọ̀, n kì í dá a lóhùn. Ó rò pé mo di í sínú ni, pé mò ń fi ọwọ́ tó dá bá a jà. Èmi náà ò sì mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tí kò yé mi.

Mo fi ọwọ́ sórí oríta tó wà nínú bébà, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ wò ó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ àti ẹsẹ̀ tí mo fẹ́ gbé, ibi kan náà ni wọ́n jọ fẹ́ gbà. Ọ̀nà tó kù kò gba àwọn méjèèjì." Ó wo bébà náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí mo rò pé o ń bínú sí mi?" Mo ní mò ń ka ẹsẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ kún fún omijé.

Ó yẹ kí ẹnìkan ti sọ èyí fún wa ní 2015. Inú ń bí mi sí i títí di ìsinsìnyí. Oṣù mélòó kan la fi ń wo ara wa bí ọ̀tá nítorí ohun tí bébà kan lè ṣàlàyé ní ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ẹ má kàn sọ iye àpá fún wọn.

*

Àwọn nǹkan kan yí padà nínú bí mo ṣe ń gbé ìgbésí ayé mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ orí mi fún dókítà mi níkẹyìn. Wọ́n fún mi ní ìdánwò kan tí wọ́n ti ya àmì 9 sókè bébà pẹ̀lú nọ́ńbà lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, a ó sì máa pe nọ́ńbà tó bá àmì mu fún 90 ìṣẹ́jú-àáyá. Mo ṣe 46 lọ́dún 2019. Mo ṣe 41 ní 2021. Ó ká mi lára, ṣùgbọ́n mo ní ohun tí mo lè gbé síwájú ilé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n sì gbà kí n fi kíláàsì ńlá sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ń kọ́ nígbà kan báyìí, nínú yàrá tí kò sí ariwo. Pẹ̀lú ọmọ kan, ìdáhùn máa ń dé ní àsìkò.

Ooru jẹ́ ọ̀tá. Wilhelm Uhthoff, dókítà ojú ará Jámánì, ti ṣàkíyèsí láti 1890 pé tí irú wa bá fi ara ṣe wàhálà, ojú á burú sí i fún ìgbà díẹ̀; lẹ́yìn náà ni wọ́n wá mọ̀ pé gbígbóná ara ló ń fà á. Iṣan tí myelin rẹ̀ ti bó ló jẹ́ pé gbígbóná díẹ̀ péré lè dá iṣẹ́ tó ń gbé dúró. Nígbà tí mo mọ̀ pé ara mi á padà bó bá ti tutù, ẹ̀rù dín kù. Mo ń fi omi tútù nu ọrùn kí n tó jáde, mo sì ń ṣe ohun tó le ní òwúrọ̀.

Oògùn ńkọ́? Títí di oṣù kẹta ọdún 2017, kò sí oògùn kan tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún oríṣi tèmi. Ocrelizumab ni àkọ́kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí 2018, wọ́n ń fà á sí mi lára ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Èèyàn 732 ni wọ́n fi dán an wò. Nínú àwọn tó gbà á, nǹkan bí 33 nínú 100 ni ara wọn burú sí i tí kò sì padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12. Nínú àwọn tí kò gbà á, nǹkan bí 39. Mo ka nọ́ńbà méjèèjì fún àwọn ìbejì mi, mo sì ní kí wọ́n yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì. Ó ku 6. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mọ́mì, ó kéré o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré, mo sì fẹ́ wà lára àwọn mẹ́fà náà. Oògùn yìí ń fa ìparun sẹ́yìn. Kò tún ọ̀nà tó ti bàjẹ́ ṣe, n kò sì retí pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Onífisiotẹ́rápì mi ló kọ́ mi ní èyí tó wúlò jù. Ó ní kí n yé fi agídí rìn títí ó fi máa rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Kí n rìn díẹ̀, kí n jókòó kó tó di pé ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, kí n tún dìde. Mo ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Mo ti wà ní 6.5 lórí EDSS báyìí, ọ̀pá méjì, 20 mítà. Fún ọ̀nà tó jìn, kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni mo ń jókòó sí, mo sì ń fi agbára tí mi ò lò sójú ọ̀nà bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ níbi tí mo bá dé. Mo kọ kẹ̀kẹ́ yẹn fún ọdún kan àbọ̀ nítorí ojú ayé. Ọdún kan àbọ̀ yẹn dùn mí ju kẹ̀kẹ́ lọ.

Mo ṣì ní ìwé kékeré náà. N kò kọ iye àpá sí i mọ́. Ohun tí mo ń kọ ni iye mítà, bí oorun ṣe rí, nǹkan méjì tí mo lè ṣe pa pọ̀ àti èyí tí n kò lè ṣe pa pọ̀ mọ́. Tí mo bá gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, òun ni a ó kọ́kọ́ jọ kà kó tó ṣí àwòrán.

Lálẹ́ àná, mo dìde lórí àga láti lọ sí yàrá. Ìgbésẹ̀ 14 ni. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sọ ọ́. Mo gbé ọ̀pá, mo gbé ẹsẹ̀, mo ka 11, mo ka 12, mo ka 13, mo dé ibùsùn, mo jókòó, mo fi ọ̀pá méjèèjì ti ògiri. Ìgbà náà ló wá bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, àwọn ọmọ pè lónìí?"

Mo ní wọ́n pè.